Máásítà nínú statistics ẹ̀dá àti àyíká: kí ni kí n kọ́kọ́ dì mú?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Zoology ni mo kà ní yunifásítì, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní báyọ́lọ́jì ní Bàrígà. Wọ́n ti gbà mí fún máásítà nínú statistics tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí ẹ̀dá àti àyíká. Òkè òkun ni ilé-ìwé náà wà, orí íntánẹ́ẹ̀tì la ó ti máa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́, wọ́n ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ la ó máa kọ kóòdù, pé Git, ètò tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà inú kóòdù, la ó sì máa lò. Mi ò lo Git rí. Ìṣirò mi náà ò fi bẹ́ẹ̀ dán mọ́rán. Ẹnì kan ní kí n lọ wá tíṣà ìṣirò, ẹlòmíì ní Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, ni kí n gbájú mọ́, ọkọ mi ní kí n má da ara mi láàmú, pé àwọn tó bá mọ̀ ọ́n nínú ẹgbẹ́ á ṣe é. Kí ni kí n kọ́kọ́ mú? Láptọ́ọ̀pù mi ò lágbára, ẹ sì mọ bí iná ṣe ń ṣe wá ní Bàrígà.

* * *

Àbúrò mi, o kú oríire. Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló léwu jù. Ẹgbẹ́ tí ẹnì kan ti ń kọ kóòdù, tí àwọn yòókù ń sọ pé “o ṣeun o”, ẹyọ ẹnì kan ló ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Àwọn yòókù sanwó ilé-ìwé kí wọ́n lè máa wòran ni.

Àkọsílẹ̀ ẹja àti omi ọ̀sà ni èmi fi ń jẹun, Yábàá ni mò ń gbé, nítorí náà ohun tí mò ń bá yí lójoojúmọ́ ni màá sọ.

Mo ka èsì àwọn ènìyàn. Ojú mẹ́ta ni wọ́n fi wò ó. Àwọn kan ní láìsí ìṣirò, kí o má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ìṣirò, kí o ṣáà mọ kóòdù. Àwọn kẹta ní Python lo lè fi wáṣẹ́ ní báǹkì lọ́la, bí ẹyẹ àti ẹja ò bá mówó wá. Kò sí èyí tí wọ́n sọ tó burú. Àmọ́ mi ò gbà pé ọ̀kankan nínú wọn ló yẹ kó ṣáájú. Ohun tó máa kọ́kọ́ dé bá ọ ni pé wàá jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, wàá rí i pé ẹnì kan ní ìlú mìíràn ti yí fáìlì tí o fi sílẹ̀ lálẹ́ padà. Bí o bá mọ ohun tó kàn láàárọ̀ ọjọ́ náà, wàá rí ìyókù kọ́. Bí o ò bá mọ̀ ọ́n, wàá dákẹ́, ẹni tó bá sì ti dákẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í tètè rí ẹnu sọ̀rọ̀ mọ́.

* * *

Bọ̀dá tó kọ̀wé láti Sùúrùlérè, ẹ ní mò ń tan ọmọ ọlọ́mọ jẹ, pé statistics láìsí kálkúlọ́ọ̀sì (ìṣirò bí nǹkan ṣe ń yí padà), àwàdà ni. Mo gbọ́ yín, sà. Irú ìṣirò tó yẹ kó ṣáájú la fi ń jiyàn.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹyẹ kan tó máa ń sá pamọ́ sínú igbó ní Lekki Conservation Centre, ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 78. Ká sọ pé níbi tí ẹyẹ náà bá wà, bí ènìyàn bá lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ìdá 40 nínú 100 ni pé á rí i, ìdá 60 ni pé kò ní rí i. Bó bá lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ńkọ́? Fi 0.6 sọ 0.6 di púpọ̀, kí o tún fi 0.6 sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀: 0.216 ni. Nínú ibi 100 tí ẹyẹ náà wà ní tòótọ́, bíi 22 ni wàá kọ “kò sí” sí lẹ́yìn tí o ti rìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù ṣe èyí tán. Orí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni MacKenzie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002 lé, tí gbogbo ayé ń pè ní occupancy model lónìí. Ẹni tó bá ti yé pé “mi ò rí i” yàtọ̀ sí “kò sí níbẹ̀” ti wọlé. Kálkúlọ́ọ̀sì máa bá a níwájú, tìṣẹ́tìṣẹ́.

Ìkejì, kí o wá ìwé tí Hurlbert kọ ní 1984 lórí pseudoreplication, ìyẹn kíka ohun kan náà bí ẹni pé ó pọ̀, kí o kà á kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Bí o bá bu omi ìgò mẹ́wàá ní ẹsẹ̀ ilé kan náà ní Makoko, ibì kan ṣoṣo lo ṣì bu omi, àfi kí ẹ̀rọ máa pè é ní mẹ́wàá fún ọ. Tún wo ti àkókò. Lásìkò òjò, odò Ògùn àti àwọn yòókù á ya wọ Ọ̀sà Èkó, iyọ̀ inú omi á lọ sílẹ̀. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á gba ẹnu ibùdókọ̀ ojú omi wọlé, iyọ̀ á gòkè. Ẹni tó bá wọn omi Makoko ní oṣù Kejì, tó wọn ti Ẹ̀pẹ́ ní oṣù Keje, tó wá ní ibi méjèèjì yàtọ̀ síra, àsìkò ló wọ̀n. Kò sí kálkúlọ́ọ̀sì tó máa sọ ìyẹn fún un. Ẹni tó ti rìn dé etí ọ̀sà ló máa sọ ọ́.

* * *

Python àbí R, èdè kóòdù méjèèjì: èyí ò ní gùn. R ló wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ ẹ̀dá àti àyíká. Ross Ihaka àti Robert Gentleman ló dá a sílẹ̀ ní Yunifásítì Auckland ní New Zealand, ọ̀fẹ́ ni, inú rẹ̀ sì ni vegan, lme4 àti unmarked wà, àwọn irinṣẹ́ àfikún tí a fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ilé-ìwé rẹ bá ní Python, lo Python. Ẹni tó bá fẹ́ jà lórí èyí títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ jẹ́ kó máa jà.

* * *

Ó wá ku Git, ibi tí ariwo pọ̀ sí.

Ẹnì kan ní kí ló burú nínú WhatsApp, pé àwọn máa ń fi fáìlì ránṣẹ́ síra wọn, iṣẹ́ sì ń lọ. Ó ń lọ lóòótọ́, títí tí fáìlì méjì á fi jọ ń jẹ́ “final”, tí ẹ̀kẹta á máa jẹ́ “final tuntun”, tí ẹni tó ṣe é á sì ti gbàgbé èyí tí wọ́n fi ya àwòrán inú ìwé. Linus Torvalds ló ṣe Git ní 2005 fún àwọn tó jọ ń kọ Linux, torí wọ́n pọ̀, wọ́n sì fọ́n káàkiri ayé. Fáìlì kan ló wà, orúkọ kan ló ń jẹ́, gbogbo àyípadà tó ti bá a ló sì ní àkọsílẹ̀: ta ló ṣe é, ìgbà wo, kí ló ní òun ń ṣe.

Fún àwa tí a wà ní Èkó, ohun tó dára jù nínú Git ni pé kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣiṣẹ́. Orí kọ̀ǹpútà rẹ ni commit, ìyẹn àyípadà tí o ní kí Git fi pamọ́, wà. NEPA lè mú iná, dátà lè tán, o ṣì lè máa kọ kóòdù, kí o máa commit, títí bátìrì á fi kú. Bí dátà bá dé, push (ìyẹn fi ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì) lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ á lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni fáìlì kóòdù ò tó fọ́tò kan nínú WhatsApp. Ẹni tó ní Git máa jẹ dátà rẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó kó fídíò sínú rẹ̀ ni. GitHub gan-an, ibi tí ọ̀pọ̀ ń kó iṣẹ́ Git sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ò gba fáìlì kan tó bá ju 100 MB lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ohun tó ń dẹ́rù ba gbogbo ènìyàn, ìyẹn conflict. Ìwọ àti ẹlòmíì tún ìlà kan náà kọ. Ìwọ ní kí wọ́n yọ ẹja tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 5 kúrò, òun ní 8. Git ò mọ ẹni tó tọ̀nà nínú yín, ó dúró. Bí o bá ṣí fáìlì náà, wàá rí àmì méje tí ṣóńṣó wọn kọ sí òsì, wọ́n á kọ HEAD sí ẹ̀gbẹ́ wọn, 5 tìrẹ á wà nísàlẹ̀. Àmì dọ́gba méje ló kàn, lẹ́yìn ìyẹn 8 tirẹ̀, kí àmì méje tí ṣóńṣó wọn kọ sí ọ̀tún tó pa á dé. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Pe ẹnì kejì, bi í pé kí ló dé tó fi mú 8. Ó lè sọ pé ojú àwọ̀n tí àwọn apẹja wọ̀nyẹn ń lò kì í mú èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé ti 5 àti 6 tó wà nínú ìwé, ẹni tó ń wọn ẹja ló ṣì í kọ. Ẹ rí i, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti kọ̀ǹpútà, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹja. Bí ẹ bá fẹnu kò, pa àwọn àmì náà rẹ́, fi èyí tí ẹ mú sílẹ̀, commit. Ká ní orí WhatsApp ni, ẹni tó fi tirẹ̀ ránṣẹ́ kẹ́yìn ló máa borí, kò sì ní sẹ́ni tó máa mọ̀ pé àwọ̀n wà nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyẹn. Ibi tí kóòdù yín ti forí gbárí ni ẹ̀kọ́ tí o sanwó rẹ̀ wà.

Ohun kékeré méjì kí n tó gbàgbé. Má ṣe kọ ọ̀nà fáìlì tó bẹ̀rẹ̀ láti C:/Users àti orúkọ rẹ sínú kóòdù. Kò sí lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, kóòdù náà á kú síbẹ̀. Ṣí project nínú RStudio, ètò tí wọ́n fi ń kọ R, kí o lo irinṣẹ́ R tó ń jẹ́ here, tó ń wá fáìlì láti inú project náà. Ẹni tó sì ní GitHub ń kọ pásíwọ́ọ̀dù òun, pé ó dá òun lójú pé ó tọ̀nà: láti oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni wọn ò ti gba pásíwọ́ọ̀dù mọ́ fún push. Token (ọ̀rọ̀ àṣírí gígùn tí GitHub ń ṣe fún ọ) tàbí kọ́kọ́rọ́ SSH ni.

* * *

Ọ̀gá kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì bínú sí mi. Wọ́n ní kí ọmọ ilé-ìwé jọ máa kọ kóòdù, àrékérekè tí a wọ ẹ̀wù fún ni, pé báwo ni àwọn ṣe máa mọ ẹni tí àwọn ń fún ní máàkì.

Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Nínú ìwé tí ọmọ márùn-ún jọ kọ sínú Word, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ ọ́n níbẹ̀? Ẹ kì í mọ̀ ọ́n. Nínú Git, bí ẹ bá tẹ git blame, orúkọ ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan kẹ́yìn á jáde tòun ti ọjọ́ rẹ̀. Èmi náà mọ̀ pé ẹnì kan lè fi orúkọ ara rẹ̀ commit iṣẹ́ ẹlòmíì. Ẹ pè é síwájú yín, ẹ na ìka sí ìlà kan, ẹ ní kó ṣàlàyé rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa gbà.

Ọ̀rọ̀ yín ní òótọ́ níbì kan ṣá. Ẹni tó yára nínú ẹgbẹ́ lè kọ gbogbo rẹ̀ tán lóru, kí àwọn yòókù tó jí. Ohun tí mo rí tó ń dín in kù ni kí ẹgbẹ́ fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ push tààrà sí main, ìyẹn ẹ̀ka àgbà tí gbogbo yín jọ ní. Ẹ̀ka tìrẹ ni kí o ti ṣiṣẹ́, kí o ṣí pull request, ìyẹn kí o bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba iṣẹ́ rẹ wọlé, kí ẹlòmíì kà á kó tó wọlé. Ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ó sì yẹ kó fà á.

* * *

Mo fẹ́ yà díẹ̀, torí ohun tó ń da wá láàmú níbí, àwọn tó ń kọ ìwé ẹ̀kọ́ Git lókè òkun ò ní rántí ẹ.

O lọ sí etí omi níbi tí àwọn apẹja ti ń já ẹrù láàárọ̀. Ìwé rẹ ní òpó fún ẹ̀pìyà, ọ̀bọ̀kún àti akàn. Ọkọ̀ kan dé, kò sí akàn nínú rẹ̀. Kọ 0. Ọkọ̀ kejì dé, oníbàárà ti kó akàn rẹ̀ lọ kí o tó débẹ̀. Má kọ 0, kọ NA, ìyẹn “a ò mọ̀”. Bí o bá fi àyè méjèèjì sílẹ̀ lófìfo, nígbà tó bá di alẹ́ ìwọ gan-an ò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀ mọ́, R náà ò sì lè bá ọ mọ̀ ọ́n. NA yẹn náà ní tirẹ̀ o. Bí ẹgbẹ́ yín bá ń ṣiṣẹ́ lórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà, tí ẹ ń kọ orúkọ wọn ní lẹ́tà méjì, NA ni Namibia. Bí ẹ bá fi read.csv, àṣẹ tí R fi ń ka fáìlì, kà á láìsọ nǹkan kan fún un, á gbà pé àyè náà ṣófo. Orílẹ̀-èdè odindi á pòórá.

Ti àmì ohùn wá ńkọ́? Bí o bá ń lo R lórí Windows, lo 4.2.0 ti ọdún 2022 tàbí èyí tó tẹ̀lé e, torí ìgbà náà ni wọ́n sọ UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà gbogbo èdè, di èyí tó ń lò níbẹ̀; ti àtijọ́ á sọ ẹ̀pìyà di rádaràda. Síbẹ̀, ìṣòro kan ṣì wà. Bọ́tìnnì fóònù kan lè kọ́kọ́ fi àmì sísàlẹ̀ sára o kó tó fi ohùn sí i lórí, ti ẹlòmíì lè fi ohùn ṣáájú. Lójú tìrẹ, ọ̀bọ̀kún ni méjèèjì. R á kà wọ́n sí ẹja méjì. Fi stri_trans_nfc tó wà nínú stringi, irinṣẹ́ R kan, fọ òpó náà kí o tó ka ohunkóhun. Ẹni tó bá sọ pé kí a kúkú má kọ orúkọ Yorùbá sínú rẹ̀, mi ò sí lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ tí apẹja pè ni kí o kọ, kí o kọ ti sáyẹ́ǹsì sí òpó kejì.

* * *

Ẹnì kan béèrè bóyá gbogbo nǹkan ló yẹ kó wà ní gbangba lórí GitHub, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń pariwo pé kí sáyẹ́ǹsì ṣí sílẹ̀.

Kóòdù, bẹ́ẹ̀ ni. Ibi tí odídẹrẹ́ ń yé sí, rárá o. Láti 2017 ni odídẹrẹ́ ti wà ní Appendix I, ibi tí ààbò ti le jù, lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa ẹ̀dá inú igbó, torí bí wọ́n ṣe ń kó o tà. Ẹni tó ń kó o ò níṣòro láti ka ìlà kan tó ní nọ́ńbà ibi tí ìtẹ́ rẹ̀ wà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ ni pé bí o bá ti commit fáìlì, pípa tí o pa á rẹ́ lọ́la ò mú un kúrò nínú àkọsílẹ̀ àtẹ̀yìnwá. Á ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá wá a. Nítorí náà, kọ orúkọ fáìlì àkọsílẹ̀ sínú .gitignore, fáìlì tó ń sọ ohun tí Git ò gbọdọ̀ kó, kí o tó ṣe commit àkọ́kọ́.

Orúkọ apẹja àti iye tó pa lójúmọ́ náà ò gbọdọ̀ débẹ̀. Wọn ò fún ọ láàyè kí ẹni tó ń gba owó orí lè rí i kà.

* * *

Àbúrò tó béèrè ọ̀rọ̀ ti padà wá. Ó ní òun ti rí orúkọ àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́, pé ọ̀kan nínú wọn ti ń kọ kóòdù jẹun tipẹ́. “Ẹ̀gbọ́n, kí ni èmi tíṣà Bàrígà fẹ́ sọ níbẹ̀?”

Ohun tí kò mọ̀ ni. Ẹ̀pìyà inú ọ̀sà wa, Sarotherodon melanotheron, ẹnu ni akọ rẹ̀ fi ń tọ́jú ẹyin, kì í sì í jẹun bó ṣe yẹ lásìkò náà. Ẹni tó mọ kóòdù nìkan á rí ẹja tó gùn àmọ́ tó rù, á ní àṣìṣe ni, á yọ ọ́. Ìwọ á ní kó dúró ná, ṣé akọ ni, oṣù wo ni wọ́n mú un? Kọ ọ́ sí abẹ́ pull request rẹ̀. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló máa mú kó mọ̀ pé ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ni.

Kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ kí o dán wò. Wọlé sínú Nigerian Bird Atlas Project. Wọ́n pín ilẹ̀ sí igun kéékèèké tó tó kìlómítà 9 sí 9, BirdLasser tó wà lórí fóònù ni wọ́n fi ń kọ ẹyẹ sílẹ̀, ó kéré tán wákàtí méjì ni wàá fi wo igun kan dáadáa kí o tó lè kà á sí odindi. Mú igun tí ilé-ìwé rẹ wà, kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ dání bí ọ̀gá bá gbà. Kó èsì rẹ̀ sínú Git, kí ẹnì kan tí ẹ jọ ń kọ́ni wá tún un ṣe. Ẹ ó jà lórí rẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù ni wọ́n ń bi mí jù nínú gbogbo èyí. Má ra tuntun. Lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà, ra Tòkunbọ̀ tó ní RAM 8 GB àti SSD. Ti 4 GB á máa dúró sójú kan nígbà tí o bá ṣí RStudio àti kíláàsì orí fídíò pọ̀. Má wo bó ṣe ń dán. Kí o tó sanwó, ṣí Command Prompt, tẹ powercfg /batteryreport. Fáìlì kan á jáde tó ń sọ iye tí bátìrì náà lè gbà nígbà tó wà ní tuntun àti iye tó ń gbà báyìí. Bí ti ìsinsìnyí ò bá tó ìdajì, fi sílẹ̀ tàbí kí o ná an wálẹ̀, torí bátìrì ni wàá fi kàwé ní Bàrígà. Bí ẹni tó ń tà á ò bá jẹ́ kí o tẹ̀ ẹ́, ṣọ́ọ̀bù mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.